Mo fẹ́ fi owó yíyá ìjọba ra fráńṣáìsì oúnjẹ ní Súrùlérè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olóúnjẹ Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se oúnjẹ tà ní ẹ̀bá Ojúẹlẹ́gba. Òṣìṣẹ́ báńkì àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan tí gbogbo wa mọ orúkọ ẹ̀ (ẹ má bínú, mi ò ní dárúkọ wọn) ń wá ẹni tó máa ra fráńṣáìsì wọn (ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ àti ètò wọn) ní apá Àgùdà. Owó àwọlé (tí èèyàn ń san kó tó lè lo orúkọ wọn) wà, owó ẹ̀rọ ìdáná àti fíríísà wà, ká kun ilé ní àwọ̀ tiwọn náà wà, lẹ́yìn náà ni róyátì, ìpín tí wọ́n ń yọ nínú títà lóṣooṣù. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Wọ́n ní owó ìjọba wà tí èlé ẹ̀ kò le: BOI (Bank of Industry, ti ìjọba àpapọ̀), LSETF (ti Ìpínlẹ̀ Èkó), àti èyí tí wọ́n ń pè ní DBN (Development Bank of Nigeria). Èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń yá èèyàn lówó láti fi ra orúkọ ẹlòmíì? Ọkọ mi ní ká ta ilẹ̀ wa ní Ìkòròdú. Èmi ò fẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ Òṣòdì

Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíì ṣe? Ẹ mọ oúnjẹ sè. Ẹ fi owó yẹn tún ṣọ́ọ̀bù yín ṣe, ẹ kọ orúkọ ara yín gàdàgbà sí i lára, ẹ ra jẹnẹrétọ̀ gidi, ó parí.

Olóúnjẹ Súrùlérè

Mo ti rò ó, àbúrò. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí ní ìdí ààrò, ọbẹ̀ kì í rí bákan náà, owó ọjọ́ náà kì í sì í pé. Ètò wọn ni mo fẹ́ rà: bí wọ́n ṣe ń ka ẹran, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, tí ẹni tó ń gba owó ò fi ní lè fọwọ́ kàn án.

Akáùńtáǹtì Yábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ pín owó tí ẹ ń wá sí ọ̀nà mẹ́ta, torí àwọn tó ń yáni lówó kì í fi ojú kan náà wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Owó àwọlé ni ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Tí ẹ ò bá rí owó san padà, kí ni báńkì fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín? Orúkọ yẹn kì í ṣe tiyín, ìwé àdéhùn á sì ti sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Owó ara yín ni kí ẹ fi san èyí, tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín.

Owó ẹ̀rọ ni BOI fẹ́ràn. Ọdún 2001 ni wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ NIDB tẹ́lẹ̀ di Bank of Industry, ohun tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún ni pé kí èèyàn ṣe nǹkan jáde, kì í ṣe kó rà kó tún tà. Tí ẹ bá ń kọ ìwé ètò òwò yín, ẹ má ṣe kọ ọ́ bíi ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíì. Ẹ kọ ọ́ bí ilé ìdáná: iye adìẹ tí ẹ óò máa dín lóòjọ́, iye èèyàn tí ẹ óò gbà síṣẹ́, ibi tí ìrẹsì àti tòmátò yín á ti máa wá. Wọn kì í sábà ka owó ẹ̀rọ lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń san án fún tààrà. Torí náà, ọwọ́ olùtà tó ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) ni kí ẹ ti gba ìwé iye owó, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ní Alábà. (Ẹ̀yin ará Alábà, ẹ má bú mi.)

Ẹ̀kẹta ni owó ọjà, díísù, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kí títà tó gbérí. Ibẹ̀ ni LSETF ti lè wúlò. Òfin ọdún 2016 ló dá a sílẹ̀ nígbà ìjọba Ambode, pẹ̀lú bílíọ̀nù 25 náírà tí wọ́n ní àwọn máa gbé kalẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. 5% lọ́dún ni èlé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, àwọn kéékèèké ń gbà tó ₦500,000, àwọn tó tóbi díẹ̀ ń gbà tó mílíọ̀nù 5. Ará Èkó ni wọ́n ń yá, kì í ṣe ẹni tó ń ti Ògùn wọlé láràárọ̀: ẹ ó nílò nọ́ńbà LASRRA (ti ìforúkọsílẹ̀ ará Èkó), ìwé owó orí, BVN àti onídùúró. Ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ọ̀kan gba ọwọ́ BOI ní 2024, bílíọ̀nù 75 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, èlé 9%. Mílíọ̀nù 1 náírà ni òpin ohun tí ẹnì kan lè gbà níbẹ̀. Kò lè ra fráńṣáìsì, ṣùgbọ́n ó lè ra ìrẹsì.

Òṣìṣẹ́ báńkì, Broad Street

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wọ mọ́tò lọ sí DBN. Kì í ṣe pé wọn ò dáa o. Wọn kì í yá èmi àti ẹ̀yin lówó ni. Láti 2017 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, báńkì ńlá àti báńkì maikirofáínáǹsì ni wọ́n ń kó owó fún, àwọn yẹn ló wá ń yá oníṣòwò. Báńkì tí owó títà yín ti ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n wà lára àwọn tó ń gba owó DBN. Ẹ má retí 5% níbẹ̀. Báńkì á fi tiẹ̀ lé e, ọjà owó sì gbóná: ní oṣù kọkànlá 2024, CBN gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%, wọ́n dín in kù díẹ̀ ní 2025, ìwọ̀n CBN yìí sì ni àwọn báńkì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn.

Nǹkan kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń ṣì gbọ́ lẹ́nu wa. DBN dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Impact Credit Guarantee, tó máa ń dúró fún owó tí báńkì yáni, ó lè dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí èèyàn bá gbọ́ pé "ìjọba ti dúró fún un," á rò pé tí ọjà bá bàjẹ́, ìdá 40 péré ni òun jẹ. Irọ́ ni! Báńkì ni wọ́n dúró fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Gbogbo gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn yín. Láti oṣù kẹjọ 2020 sì ni CBN ti gbé GSI kalẹ̀: tí ẹ bá jẹ báńkì kan lówó tí ọjọ́ ti kọjá, wọ́n lè gba BVN yín fà á yọ nínú àkáùńtì yín ní báńkì mìíràn. Owó iléèwé ọmọ tí ẹ fi pamọ́ síbòmíì, wọ́n ń rí i.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i: CBN ti kéde láti oṣù kọkànlá 2023 pé àwọn ń kúrò nídìí irú owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gba AGSMEIS (ọ̀kan nínú owó ìrànwọ́ yẹn) tó ń lọ dé mílíọ̀nù 10 báyìí, ẹ bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ rí i.

Ẹ̀ṣọ́ Òṣòdì

Wọ́n pọ̀ lórí WhatsApp! Ọ̀kan fi àwòrán ara ẹ̀ níwájú ilé BOI ní Marina síbẹ̀, ó ní ká san owó fọ́ọ̀mù, owó fáìlì, àti ìdá mẹ́wàá tí owó bá jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè dúró níwájú ilé ya fọ́tò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni BOI ti ń gba ìwé ìbéèrè, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ SMEDAN (àjọ ìjọba fún òwò kéékèèké).

Ìyá Ìbejì Muṣin

Èmi ní fráńṣáìsì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì ń bá wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń ta mí lára.

Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù èlé, wọn ò bẹ̀rù róyátì. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù 10 ní 9% fún ọdún mẹ́ta, tí ẹ ń san iye kan náà lóṣooṣù. Nǹkan bí ₦318,000 ni. Lọ́wọ́ báńkì tó ń gba 30%, á lé ní ₦424,000. Ó dáa. Wá ká ní ẹ ń ta mílíọ̀nù 4 lóṣù, tí ilé-iṣẹ́ ń gba róyátì 6% àti owó ìpolówó 2%. ₦320,000 nìyẹn! Ó ju owó tí ẹ ń san fún BOI lọ. Gbèsè á tán lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí orúkọ yẹn bá ṣì wà lára ògiri yín, róyátì ò ní tán. Lórí gbogbo ohun tí ẹ tà ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, kì í ṣe lórí èrè. Oṣù tí iná kò wá, tí díísù gbé gbogbo èrè lọ, ẹ ó san án. Nínú ìwé ètò òwò tí ẹ ń gbé lọ fún báńkì, ẹ kọ róyátì sókè níbi tí ẹ kọ owó ẹran àti òróró sí, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn èrè. Báńkì tó mọṣẹ́ á béèrè ẹ̀ lọ́nàkọnà.

Adìẹ náà ńkọ́? Wọ́n ní ọwọ́ àwọn nìkan ni ká ti máa rà á. Mo mọ ẹni tó ń ta irú ẹ̀ gan-an ní Agége ní owó tó rọjú ju tiwọn lọ, mi ò sì gbọdọ̀ rà á. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n: kí ni mo gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ yín, ta ló ń dá iye lé e, ìgbà mélòó lọ́dún lẹ lè fi kún un?

Ti àyè tí BOI ń fúnni kí ìsanpadà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá èlé ń kà nínú àyè yẹn. 9% lórí mílíọ̀nù 10 jẹ́ ₦75,000 lóṣù, ẹ ò sì tíì ta búrẹ́dì kan. Ẹ má sì sanwó ilé kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìwé máa ń pẹ́ lórí tábìlì wọn, onílé ò sì ní dúró de BOI.

Olóúnjẹ Súrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Nínú ìwé tèmi, róyátì ò tó 6, ṣùgbọ́n wọ́n kọ owó ìpolówó sí ojú ewé mìíràn lọ́tọ̀. Ti onílé tí ẹ dárúkọ yìí gan-an: onílé tó wà ní Àgùdà ní ọdún méjì lòun ń gbà, pẹ̀lú owó ajẹ́ńtì àti owó àdéhùn. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Lọ́yà Ìgbóṣéré

Kò tọ́. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò fún onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún, ó sì kan ilé ìtajà náà. Àpápá, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin yẹn yọ sílẹ̀. Àgùdà ò sí nínú wọn. Ẹ má kàn fi òfin halẹ̀ mọ́ bàbá onílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí á kàn gbé ilé fún ẹlòmíì ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ọdún méjì yẹn lọ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un gbà títí gbèsè á fi tán. Ẹni tó jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta lórí ilé ọdún kan ti fi ara ẹ̀ sọ́wọ́ onílé. Tí ó bá lé yín lọ́dún kejì, ògiri tí ẹ kùn àti páìpù gáàsì tí ẹ gbé wọlé ò ṣeé kó lọ.

Ti fráńṣáìsì fúnra ẹ̀: Nàìjíríà ò ní òfin kan tó dá dúró fún un. Ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn ni yóò dè yín. Èmi máa ń wo ibi mẹ́rin kí n tó wo ìyókù. Ṣé wọ́n lè gbé òmíràn sí òpópónà kejì sí tiyín? Ọdún mélòó ni àdéhùn, ṣé ó ju ọdún gbèsè lọ? Tí wọ́n bá fòpin sí i, ta ló ni ẹ̀rọ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín láti tún nǹkan ṣe kí wọ́n tó gba orúkọ wọn? Tí ẹ̀yin bá fẹ́ tà á ńkọ́? Òótọ́ ni pé BOI ò ní ka gbogbo èyí fún yín. Wọ́n á kàn kíyè sí i tí ọdún méjèèjì ò bá bá ara wọn mu.

Tí ẹni tó ni orúkọ bá wà nílẹ̀ òkèèrè, tó jẹ́ pé òun gan-an lẹ ń bá fọwọ́ síwèé, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní NOTAP (àjọ ìjọba tó ń rí sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀) láàárín ọjọ́ 60. Láìsí ìyẹn, báńkì ò ní lè fi róyátì ránṣẹ́ sí wọn lọ́nà tó bófin mu. Tiyín jọ ti ilé yìí, ó lè má kàn yín.

Ọmọ Èkó ní Houston

Ẹ kú ìjíròrò o. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, SBA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún òwò kéékèèké) ni wọ́n ń lò, ètò 7(a), tó lè dé mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ohun tí òṣìṣẹ́ báńkì sọ nípa ìdúró ìjọba, bákan náà ni níbí: SBA ń dúró fún báńkì ní 75% tí owó bá ju $150,000 lọ, 85% tí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 20 òwò náà sókè sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara ẹ̀ dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jí lò ni èyí. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń ta fráńṣáìsì fún ẹni tó fẹ́ rà ní ìwé kan, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó fọwọ́ síwèé tàbí kó san kọ́bọ̀. Iye ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, iye tó ti pa, àti bí èèyàn ṣe lè kàn sí àwọn tó rà á àtàwọn tó ti kúrò, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sófin tó ń fipá gba irú ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kí ẹ má fi ẹnu béèrè ẹ̀. Àwọn tó ti kúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Àlàájì Ìsàlẹ̀ Èkó

Àṣàláàmù àlékúmù. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ èlé, tí kò sì fẹ́ san án, kò tíì dúró síta. Báńkì tí kì í gba èlé wà: Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012, Lotus gba ìwé àṣẹ ní 2021. Wọn kì í yáni lówó ẹ̀rọ: àwọn gan-an á ra fíríísà àti ẹ̀rọ ìdínran, wọ́n á tà á fún yín pẹ̀lú èrè tí ẹ jọ mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀. Iye yẹn ò sì ní yí padà bí CBN bá gbé èlé sókè lọ́la. Owó àwọlé ni wọn ò ní fẹ́ dá sí, bí Akáùńtáǹtì ṣe wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ilé ẹbí sílẹ̀ fún báńkì. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn mẹ́ta á fọwọ́ sí i lónìí, ẹ̀kẹrin á ti London pe lọ́yà lọ́la.

Olóúnjẹ Súrùlérè

Àmín, Àlàájì. Kò sí ilé ẹbí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Ilẹ̀ Ìkòròdú yẹn ńkọ́, kí n fi ṣe ohun ìdúró dípò kí n tà á? Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ni rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ àti sọ́fè.

Akáùńtáǹtì Yábàá

Rìsíìtì àti sọ́fè ò lè ṣe é. C of O (ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ti ìjọba) ni wọ́n ń fẹ́, tàbí àṣẹ gómìnà. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti 2017 tó jẹ́ kí ẹ̀rọ, mọ́tò, àní owó tí àwọn oníbàárà jẹ yín, lè di ohun ìdúró. Wọ́n á kọ ọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ CBN tí wọ́n ń pè ní National Collateral Registry. Ẹ bi báńkì bóyá wọ́n ń lò ó. Àwọn míì á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn.

Nǹkan tó kù: owó títà yín gbọ́dọ̀ máa gba àkáùńtì kọjá. Ẹni tó ń ta oúnjẹ lójoojúmọ́ tí sítétíméǹtì ẹ̀ rí bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́. POS àti tíránsífà ni kí ẹ máa gbà láti ìsinsìnyí lọ, lórúkọ òwò tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC.

Olóúnjẹ Súrùlérè

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ POS. Mo tún tẹ̀lé ti Houston: mo ní kí ilé-iṣẹ́ fi ìwé owó ṣọ́ọ̀bù wọn méjì tó wà nítòsí hàn mí, kí wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó ti kúrò. Wọ́n ní àfi tí mo bá kọ́kọ́ san owó ìfìfẹ́hàn tí wọn ò ní dá padà. Wọ́n ní ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ san án.

Lọ́yà Ìgbóṣéré

Ẹ má tíì san án. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ ṣe tán láti fọwọ́ síwèé pé ẹ ò ní tú àṣírí wọn, àti pé owó náà á wà lọ́wọ́ lọ́yà títí ẹ ó fi rí ìwé yẹn. Ẹni tó fẹ́ tà á á gbà. Láàárín yẹn, ẹ lọ jókòó nítòsí ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà ní Adéníran Ògúnsànyà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan àti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, kí ẹ máa ka iye èèyàn tó ń wọlé.

Ìyá Ìbejì Muṣin

Páálí oúnjẹ tó ń jáde ni kí ẹ kà, lọ́yà wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé, torí ẹ̀rọ amúlétutù ni.